Ọ̀dọ́ mẹ́rin láti òkè òkun fẹ́ wá ràn wá lọ́wọ́ nílé-ìwé: iṣẹ́ wo ni ká gbé lé wọn lọ́wọ́?

Akọ̀wé PTA, Ìjùmú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí ilé-ìwé girama wa pé àwọn fẹ́ fi ọ̀dọ́ mẹ́rin ránṣẹ́, obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin kan. Ọmọ ọdún 18 sí 19 ni wọ́n. Wọ́n ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ti rí àyè ní yunifásítì, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi ọdún kan yọ̀ǹda ara wọn kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n á dé ní oṣù kìn-ín-ní, wọ́n á lọ nígbà Àjíǹde. A ò ní sanwó fún wọn, ilé nìkan la máa wá. A ò ní tísà Físíìsì, nítorí náà pírínsípà fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn gba Físíìsì SS2 àti SS3, kí méjì gba Gẹ̀ẹ́sì ní JSS. Àwọn òbí kan ní ìbùkún ni. Àwọn kan ní ọmọ ọdún 18 wo ló fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún 17? Ẹ bá wa dá sí i.

* * *

Tísà Kẹ́mísírì, Kàbbà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dá kíláàsì SS3 gbà. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé. Ẹni tó ṣe Físíìsì dé A-Level lè mọ̀ ju ohun tí WAEC ń béèrè lọ. Àmọ́ kò mọ sílábọ́ọ̀sì WAEC, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín máàkì, kò sì dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ rí. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Táámù kejì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ó ń parí lásìkò Àjíǹde, WASSCE sì ń tẹ̀ lé e gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, tísà wọn ti padà sílé rẹ̀. Ta ni wọ́n máa wá bi ní ìbéèrè?

Ohun kan tún wà tí a kì í rò. Bí orúkọ òyìnbó bá ti wà lórí tímùtébù gẹ́gẹ́ bí tísà Físíìsì, lójú ìwé, àlàfo yẹn ti dí nìyẹn. Lẹ́tà tí ilé-ìwé ń kọ sí Lọ́kọ́jà pé ká fún wa ní tísà á dúró. Ẹ jẹ́ kí àlàfo náà hàn kedere nínú àkọsílẹ̀, kí ẹ sì máa kọ lẹ́tà lọ.

* * *

Òbí kan, Mopa

Tísà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n n ò fara mọ́ ọn. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn ọmọ tí kò rí tísà Físíìsì fún odindi sáà kan, tí ẹni tó mọ Físíìsì bá dé, ẹ ní kó lọ máa nu pátákó? Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá kì í ṣe kékeré. Kí ló burú nínú kó kọ́ wọn ní iná mọ̀nàmọ́ná àti ìṣípòpadà, kí wọ́n rí nǹkan kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò?

* * *

Tísà Kẹ́mísírì, Kàbbà

Kò burú kó ṣe é. Kó má dá a ṣe ni mò ń sọ. Ẹ wá tísà kan tí kíláàsì náà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ tísà Ìṣirò tàbí kọ́pà. Òun ni yóò máa pe orúkọ, òun ni yóò máa tẹ̀ lé sílábọ́ọ̀sì, òun ni yóò máa máàkì. Ẹ wá kó ìbéèrè WAEC ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn jọ, kí olùyọ̀ǹda máa yanjú wọn pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà ní ẹ̀yìn kíláàsì. Tó bá lọ, ìwé àti ìlànà wà lọ́wọ́ tísà tó kù.

Ibi tí wọ́n ti wúlò jù lọ fún SS3 ni lábù. Ẹ mú titration fún ọgọ́ta ọmọ: à ń fi burette, ọ̀pá gíláàsì tó ní àmì ìwọ̀n, kán ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú omi sodium carbonate tó wà nínú conical flask. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á lo nǹkan bí 100 cm³ ásíìdì, tí ẹ bá ka ti àkọ́kọ́ tí à ń fi dán an wò mọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Lítà mẹ́fà nìyẹn, láìka èyí tó máa dànù. Sodium carbonate tí kò ní omi nínú, 5.3 g nínú lítà kan ló ń fúnni ní 0.05 mol/dm³. Lítà mẹ́fà jẹ́ 31.8 g. HCl kíki (ìdá 36 nínú 100), 8.6 cm³ nínú lítà kan máa súnmọ́ 0.1 mol/dm³. Tísà ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ da èyí, kó sì rántí pé inú omi la ń da ásíìdì sí, a kì í da omi lé ásíìdì. Olùyọ̀ǹda lè wọn nǹkan, kó fọ burette, kó lẹ orúkọ mọ́ ìgò.

Iṣẹ́ tó jù ni kí ó dúró ti tábìlì kan. Àwọn ọmọ wa kì í pàdánù máàkì nítorí pé wọn ò mọ ìṣirò rẹ̀. Ohun tó ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn ni pé wọ́n gbàgbé funnel sórí burette tí ásíìdì sì ń kán sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n ń wo àmì láti òkè dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn bá omi dọ́gba. Atẹ́gùn wà ní ẹnu burette, wọn ò jẹ́ kó jáde. Wọ́n ń fi sodium carbonate ṣan conical flask, nígbà tó jẹ́ omi nìkan ló yẹ kí wọ́n fi ṣan án. Tísà kan ò lè rí gbogbo èyí lórí tábìlì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn márùn-ún lè rí i.

* * *

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìsánlú

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ SS3 jù. Níbi tí mo dúró sí, JSS1 àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí, kí wọ́n sì máa gbọ́ ìwé kíkà. Tísà tó ní ọgọ́ta ọmọ ò lè jókòó ti ọmọ kan kó gbọ́ bó ṣe ń kàwé. Àìrẹ́ni-jókòó-tì yìí ló ń jẹ́ kí ọmọ dé JSS2 láìlè ka ojú ìwé kan já.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n wò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka àyọkà kékeré kan, bí ọ̀rọ̀ ọgọ́ta, fún ẹnì kan ṣoṣo ní ìdákọ́ńkọ́. Kí wọ́n kọ iye ọ̀rọ̀ tó mọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi èyí pín wọn, ẹ má fi kíláàsì tàbí ọjọ́ orí pín wọn. Ọmọ mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kan. Ìṣẹ́jú 25, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, kó tó di àkókò ìsinmi, torí lẹ́yìn ìsinmi ooru ti mú, ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́fà ìwé kan náà ni ẹ nílò. Àwọn òyìnbó máa ń fẹ́ kó páálí ìwé wá, ogójì ìwé tí kò sí méjì tó jọra, ìwé nípa yìnyín àti àwọn ọbabìnrin wọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó dì í pé ohun tí ẹ fẹ́ ni ẹ̀dà mẹ́fà-mẹ́fà ìwé márùn-ún, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má le jù. Èyí tí wọ́n kọ nípa ilẹ̀ wa, tí ọmọ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ló dára jù.

Olùyọ̀ǹda á kọ́kọ́ ka ojú ìwé náà jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ á máa fi ìka tọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ọmọ kọ̀ọ̀kan á ka ìlà méjì. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tó ṣòro á lọ sínú ìwé wọn. Olùyọ̀ǹda ní ìwé tirẹ̀ tó ń kọ ọjọ́, ojú ìwé tí wọ́n dé, àti ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọsẹ̀ lé. Láìsí ìwé yẹn, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdíwọ́ tó ń yọjú ni ohùn. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ò ní gbọ́ ohun tí òyìnbó ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n á máa dáhùn pé «Yes, Aǹtí». Inú olùyọ̀ǹda á dùn, kò ní mọ̀ pé òfo ni. Kó máa béèrè pé kí ọmọ fi ọwọ́ tọ́ka sí nǹkan tàbí kó ṣe é. Kó má sì gbìyànjú láti yí bí àwọn ọmọ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ padà sí ti London. Ìwé kíkà la fẹ́.

* * *

Òbí kan, Mopa

Èyí wọlé sí mi létí ju ti Físíìsì lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ ọjà ńkọ́, tí ìdajì kíláàsì ò wá?

* * *

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìsánlú

Ẹ yọ ọjọ́ ọjà kúrò nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lo ọjọ́ yẹn fún láíbìrì: títò ìwé, lílu òǹtẹ̀ sí i, yíya ìlà sínú ìwé ńlá kan fún orúkọ ọmọ, orúkọ ìwé, ọjọ́ tó mú un, ọjọ́ tó dá a padà.

* * *

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Kí ẹ tó sọ ohun tí wọ́n máa kọ́, ẹ sọ bí wọn ò ṣe ní ṣàìsàn. Ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó wọ bàálù. Fún ibà ẹ̀fọn, ẹ béèrè irú oògùn tí dókítà wọn fún wọn. Ẹni tó ń lo Malarone á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, á máa lò ó lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tó bá kúrò ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń lo doxycycline á bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò fi máa lò ó lẹ́yìn tó bá délé. Doxycycline ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara, ó sì lè dá ọgbẹ́ sí ọ̀nà ọ̀fun tí èèyàn bá gbé e mì láìmu omi púpọ̀ tó sì dùbúlẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọn ò ní àjẹsára inú ara bíi tiwa, ibà lè yí padà sí wọn lára láàárín wákàtí díẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru ló máa kọ́kọ́ mú wọn. Omi lítà kan tó ti hó, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí wọ́n mọ̀ ọ́n pò fúnra wọn.

Ajá bá ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹrin tí wọ́n fẹ́ wá bọ́ sí àsìkò tí Lassa máa ń pọ̀, ẹ bo gàrí, ẹ bo ẹ̀wà, ẹ dí ihò eku nínú ilé tí wọ́n máa gbé.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀pà. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí ẹyọ ẹ̀pà kan lè pa, àwa sì ń fi kúlíkúlí àti òróró ẹ̀pà ṣe nǹkan láìròtẹ́lẹ̀. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ó gbọ́dọ̀ mú abẹ́rẹ́ adrenaline rẹ̀ dání, kí ẹni tó ń dáná mọ̀, kí ẹnì méjì sì mọ bí wọ́n ṣe ń gún un.

* * *

Ọmọ Yàgbà, London

Ní ti ìwé. Ẹ béèrè ICPC (International Child Protection Certificate, kì í ṣe ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ ní Nàìjíríà) lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ni, tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọdé nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹgbẹ́ tó bá ní kò pọn dandan, ẹ kọ̀ wọ́n. Kì í ṣe àbùkù fún wọn. Kò sí ilé-ìwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti máa gbà wọ́n láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tiwa náà níye lórí.

Físà: kí wọ́n má fi físà àbẹ̀wò wá ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹgbẹ́ wọn kọ ohun tí wọ́n fẹ́ wá ṣe gan-an sínú ìbéèrè físà, kí wọ́n sì gba ìdáhùn Ímígíréṣọ̀n Nàìjíríà sílẹ̀ lórí ìwé. Tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí síbí, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni kó fi wọlé, ọ̀ràn físà parí.

Ẹ béèrè ìwé ìbánigbófò wọn pẹ̀lú. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé ìmọ̀ràn ìrìn-àjò jáde fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí èèyàn má lọ, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ò ní san kọ́bọ̀. Kí ẹgbẹ́ wọn fi hàn yín pé ìwé náà bo ìpínlẹ̀ Kogí, kì í ṣe «Nàìjíríà» lásán.

* * *

Àgbẹ̀ Bùnú

Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Àwọn ajínigbé ń dá èèyàn lọ́nà ní ilẹ̀ Ọ̀kun. Àwọn ará ilé wa tó wà l'Ábújá ń bẹ̀rù àti wálé sìnkú. Ẹ wá fẹ́ kó ọmọ òyìnbó mẹ́rin jókòó sí ilé-ìwé tí kò ní ògiri? Ẹ má mú wọn wá.

* * *

Ọmọ Yàgbà, London

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nínú lẹ́tà sí àwọn òyìnbó. PTA ò ní ẹ̀tọ́ láti kọ pé «ààbò wà». Àwọn tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni DPO, ọba ìlú àti àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá lọ́ra, ẹ sún un sí sáà mìíràn.

Bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n dé Ábújá ní òwúrọ̀ kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí wọ́n gba Lọ́kọ́jà wọ Kàbbà ní ọjọ́ kejì kí oòrùn tó rọ̀. Kò sí ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lórí WhatsApp pé wọ́n ń bọ̀. Àárín ìlú ni kí wọ́n gbé, kì í ṣe kọ́tà tó dá wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Kí wọ́n má ya fọ́tò tó fi ibi tí wọ́n wà hàn títí wọ́n á fi padà sílé.

* * *

Àgbẹ̀ Bùnú

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Àmọ́ tí DPO àti ọdẹ bá fọwọ́ sí i, n ò ní bá yín jà.

* * *

Alága ọ̀dọ́, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ tiwa tó ti ṣe WASSCE tán, tí wọ́n ń dúró de JAMB, mélòó ló jókòó sílé báyìí? Ọdún kan, ọdún méjì, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń gun ọ̀kadà. Ọdún tí àwọn òyìnbó ń pè ní ọdún ìyọ̀ǹda, àwọn tiwa náà ń ní in, kò kàn sẹ́ni tó fún wọn níṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí olùyọ̀ǹda òkè òkun kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ìlú kan tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Òyìnbó mẹ́rin, ọmọ wa mẹ́rin. PTA á san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ wa. Ọmọ wa ló máa túmọ̀ nígbà tí JSS1 ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ láíbìrì máa wà. Tí òyìnbó bá lọ lọ́jọ́ Àjíǹde, ọmọ wa á dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn ìsinmi, á ṣí ìwé àkọsílẹ̀, á sì bá a lọ. Bí owó yín ò bá ká mẹ́rin, ẹ gba òyìnbó méjì. Iye àwọn ọmọ wa tí ẹ lè dá sí i ni kó sọ iye òyìnbó tí ẹ máa gbà.

* * *

Tísà Kẹ́mísírì, Kàbbà

Èyí gan-an ni. Èmi á fi lé e pé kí ẹ bá àwọn kọ́pà tó wà nílé-ìwé sọ̀rọ̀. Láti 1973 ni NYSC ti ń kó àgùnbánirọ̀ wọ irú ilé-ìwé tiwa, wọ́n sì ti gboyè. Wọ́n lè jẹ́ ọ̀gá fún àwọn mẹ́jọ náà.

Ó yẹ ká tún rántí pé VSO, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, àwọn ọmọ ọdún 18 ló kọ́kọ́ ń rán. Ní 1962 ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn tó ti gboyè, nígbà tó sì yá, àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ àti ọ̀mọ̀wé ló ń rán. Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ wá rí i pé ìfẹ́ àti agbára ọmọ ọdún 18 kò lè dípò iṣẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de JAMB, Odò-Ẹrẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwa náà lè lọ sọ́dọ̀ wọn bẹ́ẹ̀?

* * *

Ọmọ Ìjùmú, Jámánì

Ó ṣeé ṣe, àbúrò. Ní Jámánì, wọ́n ń pe ọdún ìyọ̀ǹda náà ní FSJ. Ó wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 27. Ọdún kan ló sábà máa ń gbà, ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tàbí ilé àwọn abirùn. Kò sí owó oṣù. Owó àpò kékeré àti ìbánigbófò ìlera ni, àwọn kan ń fúnni nílé àti oúnjẹ. Kọ́ èdè Jámánì ná, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ á béèrè B1, ìpele àárín nínú èdè náà. Tààrà ni kí o kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ń gbani. Ẹni tó bá ní kí o san owó kí òun tó «ta àyè» fún ọ, olè ni.

Àwọn náà ń rán tiwọn jáde. Láti 2008 ni ìjọba Jámánì ti ní ètò weltwärts fún ọmọ ọdún 18 sí 28. Oṣù mẹ́fà ló kéré jù nínú ètò yẹn. Ẹ fi wé ti ẹgbẹ́ tó kọ̀wé sí Ìjùmú yìí, táámù kan ṣoṣo. Mo rò pé kí ẹ má gbà kó dín sí táámù kan rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìgbà tí àwọn ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohùn wọn ni wọ́n ń di ẹrù.

* * *

Olùṣirò owó, Ìyàrà

Ẹ béèrè owó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí ló ń san owó gọbọi fún ẹgbẹ́ tó ń rán wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: èló ni ọmọ kọ̀ọ̀kan san, èló ló dé ilé-ìwé. Ilé, omi, epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ, ọkọ̀ láti Ábújá àti ẹni tó ń dáná, gbogbo rẹ̀ lówó lórí, kò sì yẹ kí PTA ru ú. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, owó bàálù ẹnì kan ju ohun tí tísà PTA ń gbà lọ́dún kan lọ. Èmi ò sọ pé kí wọ́n má wá. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹ béèrè pé kí ẹgbẹ́ náà san owó tísà PTA kan fún sáà kan mọ́ ètò yìí. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ti mọ ohun tó jẹ wọ́n lógún.

* * *

Ìyá olórí àwọn obìnrin, Ìyàmoyè

Ẹ ti ń fò lórí ọ̀kan. Àwọn ọmọ SS3 jẹ́ 16, 17, 18. Ẹgbẹ́ làwọn olùyọ̀ǹda jẹ́ sí wọn. Ìfẹ́ á wọ̀ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí wọ́n tó dé pé kò sí nọ́ńbà fóònù láàárín olùyọ̀ǹda àti akẹ́kọ̀ọ́, kò sí kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sílé wọn, kò sí yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ̀bùn ò gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ ọmọ kan, gbogbo rẹ̀ á gba ọ̀dọ̀ pírínsípà kọjá. Ẹni tó bá rú u, bàálù tó bá kàn ni yóò wọ̀. Obìnrin kan tó ti dàgbà lára àwọn tísà ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àwọn lè lọ sọ fún.

Ọ̀rọ̀ ẹgba náà ńkọ́? Olùyọ̀ǹda kò gbọ́dọ̀ na ọmọ, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọmọ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa nà án. Bí ó bá rí tísà tó ń nà, kó lọ bá pírínsípà nínú ọ́fíìsì, kó má bá tísà já lójú àwọn ọmọ.

Ní ti fọ́tò, ẹ má gbàgbé 1961. Ní ọdún tí Peace Corps, ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ti ìjọba Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan tó wà n'Íbàdàn kọ pósítíkáàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé nípa bí ìgbé-ayé ibẹ̀ ṣe rí lójú rẹ̀. Káàdì náà bọ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì rí i, wọ́n fárígá, ó sì di dandan kó padà sí Amẹ́ríkà. Káàdì kan péré nìyẹn. Lónìí, fọ́tò ọmọ wa tí aṣọ rẹ̀ ya á yí ayé po kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ojú ọmọ kankan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àfi tí òbí bá fọwọ́ sí i lórí ìwé.

* * *

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Kàbbà

Ẹ lo ẹnì kan nínú wọn fún JAMB. Orí kọ̀ǹpútà ni UTME wà, ìbéèrè 180, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò sì tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ ni wọ́n nílò: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti parí, R láti padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣèèṣì tẹ S. Ọmọ tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dánra wò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká (láptọ́ọ̀pù) tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n mọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní kọ̀ǹpútà, ẹ ní kó jẹ́ alágbèéká, kì í ṣe èyí tó ń jókòó sórí tábìlì tó ń jẹ iná bíi 150 wáàtì. Alágbèéká mẹ́wàá, 45 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, 1,350 Wh nìyẹn. Bátìrì 12V 200Ah kan jẹ́ 2,400 Wh, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í pẹ́ tí a bá lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà méjì ni ẹ nílò. Páánẹ́ẹ̀lì 300 wáàtì méjì á kún un lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ nu eruku orí páánẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

* * *

Akọ̀wé PTA, Ìjùmú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo ti bá pírínsípà àti alága sọ̀rọ̀. A máa gba méjì dípò mẹ́rin, pẹ̀lú ọmọ ìlú méjì. JSS1 ìwé kíkà àti lábù ni iṣẹ́ wọn, kọ́pà ni yóò di kíláàsì Físíìsì mú. A máa kọ lẹ́tà béèrè owó tísà PTA, ICPC, ìwé ìbánigbófò, àti ẹ̀pà. A ò ní fèsì «bẹ́ẹ̀ni» títí DPO àti àwọn ọdẹ á fi sọ tiwọn. Ohun tó kù ni ilé. Ìyá kan ní yàrá méjì nínú ọgbà rẹ̀ láàárín ìlú, ṣùgbọ́n kò sí kànga níbẹ̀.

* * *

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Ilé yẹn dára. Ẹ ra táńkì omi ńlá 500 lítà kan, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, kí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣí nísàlẹ̀. Ẹni méjì á lo tó 80 lítà lójúmọ́ fún ìwẹ̀, aṣọ àti ilé ìgbẹ̀, ẹ ní láti kún un lọ́jọ́ márùn-ún-márùn-ún pẹ̀lú àjẹkù díẹ̀. Omi mímu lọ́tọ̀, lítà mẹ́ta fún ẹnì kan ní oṣù kẹta tí ooru ń mú, kí ó hó fún ìṣẹ́jú kan kí ó tó tutù nínú ìkòkò tó ní ọmọrí. Ẹ lẹ nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé, ẹ sì fi èyí tó ní oògùn sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú. Kí ìyá náà gba owó oúnjẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ní ìparí oṣù.